Ọkùnrin Oníṣẹ́ Mẹ́fà

Nílé wa ní Kàkúrì, ní ìlú Kàdúná, ìyìn tó ga jù tí wọ́n lè fún èèyàn ni pé kò sí ohun tí kò lè ṣe. Bàbá mi ni wọ́n máa ń yìn bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ló lò ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí kò jìnnà sí wa. Ibi tí wọ́n ti ń ran òwú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ, níbi tó pẹ́ sí jù, àmọ́ ibikíbi tí ẹnìkan kò bá ti wá síṣẹ́, òun ni wọ́n ń yá lò: ibi aró, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọnà sára aṣọ, sítọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ìdí bọ́ílà tó ń se omi. Kì í sọ pé rárá. Bí aró bá wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ nígbà tó bá dé, a ti mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo ṣe ọkùnrin tèmi. Orí bébà ni mo ti ṣe é. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní iléèwé, ọmọ ọ̀gá ìjọba tó ń gbé ní Málálì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mú eré kan bọ̀ láti òkè òkun: ìwé ńlá méjì àti dáìsì olójú ogún. Lọ́jọ́ Sátidé, n ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, n ó kí mègádì wọn, "Ina wuni, Baba," àwa mẹ́rin á sì jókòó yí tábìlì ká. Olúkúlùkù á kọ èèyàn kan sórí bébà, á yan iṣẹ́ fún un, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi á wá máa sọ ìtàn igbó àti òmìrán tí àwọn èèyàn wa ń bá pàdé. Dáìsì ló ń sọ ẹni tó yè àti ẹni tó kú.

Iṣẹ́ mẹ́fà ni ìwé náà là sílẹ̀: jagunjagun, oṣó, àlùfáà, ọdẹ, olè àti akọrin. Ọ̀rẹ́ mi yan oṣó. Èmi yan gbogbo wọn. Ìwé náà gbà á láyè, àmọ́ ó ní òfin kan: ọgbọ́n yòówù tí ọkùnrin náà bá rí kọ́ nínú ìjà, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n máa pín in sí.

"Haba! Ẹyọ kan ni kó o mú," ni ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi wí. "Wallahi, ọkùnrin yìí ò ní dàgbà."

"Ẹ máa wò ó," ni mo fèsì. Bàbá mi ni mò ń rò lọ́kàn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fà á. Oṣó ọ̀rẹ́ mi ti dé ìpele keje, ọkùnrin tèmi ṣì wà ní ìkejì nínú ohun gbogbo. Ó lè kọrin díẹ̀, ó lè gbàdúrà díẹ̀, ó lè ta ọfà tí kò ní ba nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí òmìrán kan dúró dè wá létí odò, mo ní kó pọfọ̀, kò jẹ́. Mo ní kó sá, kò yára tó. Ìgbájú kan ṣoṣo ló pa á. Mo fa bébà náà ya, mo bú òfin, mo bú ìwé, mo bínú lọ sílé. Olóríkunkun ni mí, n kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀.

Oṣù yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dín èèyàn kù. Wọ́n ní kí ọ̀gá apá kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kó ṣẹ́kù. Ọ̀gá ìhunṣọ rò pé ibi aró ni Bàbá wà, ti ibi aró rò pé ará sítọ̀ ni. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀. Ó padà wálé lọ́sàn-án gangan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, kò bọ́ bàtà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a gbọ́ pé ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn ń gba èèyàn. Bàbá lè ka Bíbélì Yorùbá, àmọ́ fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ń dẹ́rù bà á, ló bá ní kí n tẹ̀ lé òun. Ìlà kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́.

"Kọ ìhunṣọ," ni Bàbá wí.

"Ìhunṣọ nìkan kẹ̀, Bàbá? Ẹ jẹ́ ká kọ gbogbo ẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́."

Ó wò mí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló dáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ló dáa, Bàbá." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìka, èmi ń kọ wọ́n wínníwínní títí ìlà náà fi kún, mo bá kọ ìyókù sétí bébà. Láti ọjọ́ tó ti wà nílé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín.

Kíláàkì ti pín tábìlì rẹ̀: fọ́ọ̀mù àwọn ahunṣọ níhìn-ín, ti àwọn aranwú lọ́hùn-ún, ti àwọn aláró létí. Ó ka ti Bàbá, ó gbé e síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún. "Baba, wanne ne naka?" ló bi í, pé èwo gan-an ni tirẹ̀. Kí Bàbá tó lanu, mo ti dáhùn: "Duka!" Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. "To," ni kíláàkì wí, pé ó dáa, ó sì gbé fọ́ọ̀mù náà sójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ti àwọn àrà ọ̀tọ̀ sí.

Wọn kò pè é. Aládùúgbò wa kan tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ kọ ìhunṣọ nìkan, ó sì wọlé, nítorí ahunṣọ ni wọ́n ń wá jù. Ìgbà tí mo gbọ́ ni mo tó rántí ọkùnrin mi orí bébà. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá mi. N kò lọ sí Málálì mọ́.

Bàbá kò wọ ilé iṣẹ́ kankan mọ́. Ó ń tún nǹkan ṣe kiri àdúgbò, sítóòfù lónìí, àga lọ́la. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ méjì wá kí i, wọ́n bi í bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó lọ wá ṣe já sí.

"Àwọn yẹn ni wọn ò mọ èèyàn," ni Bàbá wí. "Fọ́ọ̀mù tí ọmọ mi yìí kọ, kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Kàdúná. Ó yá, sọ fún wọn bí a ṣe kọ ọ́."

Mo gbé omi kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ka gbogbo iṣẹ́ náà láti orí òwú dé ìdí bọ́ílà, n kò fo ẹyọ kan. N kò sọ fún wọn pé ìhunṣọ nìkan ni Bàbá ní kí n kọ. Òun náà kò sọ ọ́.