Márùn-ún Tí Ẹ̀gbọ́n Kọ

Orí kápẹ́ẹ̀tì ilé ìyá mi ní Surulere ni mo ti di ọ̀gá nínú gọ́ọ̀fù. Ife tíì ni mo fi ṣe ihò, ẹsẹ̀ àga ni mo fi ṣe igi inú pápá, kò sì sí bọ́ọ̀lù tí mo gbá níbẹ̀ tí kò wọlé. Nígbà tí mo yege ìdánwò tí wọ́n fi ń gba èèyàn sínú ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi mí sí, ṣùgbọ́n mi ò sọ ti ìpele fún ẹnikẹ́ni. Mo ra fìlà funfun, mo sì ń dé e lọ ra búrẹ́dì.

Láti ìlú kan sí òmíràn là ń gbá ìdíje náà kiri. Ọjọ́ mẹ́rin, láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, la fi ń gbá a níbi kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ kejì, wọ́n á ṣa àwọn tó ṣe dáadáa, wọ́n á ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ilé tó mi lọ́dún náà. Ìlú mẹ́fà la lọ, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo ti padà sí Surulere lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, á bi mí pé ṣé wọ́n ti parí ni. Màá ní wọ́n fún wa nísinmi. Ó gbà mí gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́.

Nígbà tó ku ìdíje kan ṣoṣo, ó pè mí jókòó. Ó ní tí mi ò bá kọjá ọjọ́ kejì lọ́tẹ̀ yìí, kí n kó àwọn ọ̀pá mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n lọ gba iṣẹ́ tí Àǹtí mi bá mi wá sí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Sábó. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà ti sọ tiwọn: ẹni tí kò bá kọjá ọjọ́ kejì rí láàárín ọdún, àyè rẹ̀ ti bọ́. Lẹ́yìn tí ìyá mi halẹ̀ tán, ó lọ háyà bọ́ọ̀sì tí yóò kó àwọn ará ìjọ wá wò mí lọ́jọ́ Sátidé, nítorí Èkó níbí ni ìdíje ìkẹyìn yẹn wà. Obìnrin onígbàgbọ́ ni.

Ẹni tí wọ́n pín mi mọ́ ni Ẹ̀gbọ́n kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti ń gbá gọ́ọ̀fù kí wọ́n tó bí mi. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló ń borí, ṣùgbọ́n nínú ìdíje, ìwọ kọ́ lò ń kọ iye tí o gbá. Ẹnìkejì rẹ ló ń kọ ọ́ sínú káàdì, ìwọ náà á sì kọ tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, wàá yẹ tìrẹ wò, wàá fọwọ́ sí i. Tí iye tó wà níbẹ̀ bá ju èyí tí o gbá lọ, tó o sì fọwọ́ sí i, o ti gbà á nìyẹn, kò sẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo gbá a bí ẹni tí wọ́n gbààwẹ̀ fún. Ní ihò kẹrìnlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo gbá bọ́ọ̀lù tó fi wọlé, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tá a parí, mo wo pátákó èsì, mo ṣírò ó: mo ti kọjá, ṣùgbọ́n tí ẹyọ kan bá fi lé e, mo ti já. A jókòó sídìí tábìlì, Ẹ̀gbọ́n na káàdì sí mi. Lórí ìlà ihò kẹrìnlá, márùn-ún ló kọ.

"Ó pé?" Ẹ̀gbọ́n bi mí.

Àwọn alábòójútó mẹ́ta ń wò wá. Mo ní, "Ó pé, sà."

"Kà á dáadáa o, hole by hole. Once o bá ti sign, ó ti parí nìyẹn. Ó pé?"

"Ẹ má worry, sà. Ó correct."

Mo fọwọ́ sí i. Ṣé kí n wá máa sọ fún àgbàlagbà pé ó ṣì í kọ ni, níwájú gbogbo ayé? Ọmọ olùkọ́ ni mí, wọ́n kọ́ mi nílé. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún ìyá mi náà nìyẹn. Ó sunkún díẹ̀, ó pe onímọ́tò pé kó má wá mọ́, ó wá ní ó kéré tán òun tọ́mọ yanjú. Èmi náà kó àwọn ọ̀pá mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Ẹ̀gbọ́n, ó pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, èmi ni mo ba nǹkan ẹ jẹ́. Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀? Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì now."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sábó. Àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ wà níbẹ̀ fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, wọ́n ní kò sí irú ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ mọ́. Màá tẹ orí ba, bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn. Ohun tí mi ò tíì sọ fún wọn ni pé lọ́jọ́ Sátidé, àárín àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ní tòótọ́ ni wọn ì bá fi mí sí, níṣojú bọ́ọ̀sì kan tó kún fún ará ìjọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti háyà bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo rí márùn-ún yẹn, kí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó wá sí mi lọ́kàn rárá, ara ti tù mí.

Gbogbo ọdún tuntun ni Ẹ̀gbọ́n ṣì ń pè láti bẹ̀ mí. Mo sì máa ń sọ fún un pé mo ti dárí jì í.