Nígbà Tí Mo Gbé Ìdí Píkọ́ọ̀pù Mi Sókè

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi da omi sórí irin gbígbóná yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Wẹ́dà tó ń bá mi ṣe é lójú ọ̀nà Ayépé ti ní kí n fi irin náà sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, pé omi á sọ ọ́ di nǹkan tó ń ṣẹ́. Mo ní n kò ráyè. Mo gbé korobá, mo dà á lé e lórí. Ó hó ṣàà, èéfín bo gbogbo wa lójú, mo sì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo gbọ́n ju wẹ́dà lọ.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi máa ń wólẹ̀ tí mo bá ti kó ẹrù. Gàrí ni ìyàwó mi ń rà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ló ń tà á sí, èmi sì ni dírẹ́bà rẹ̀. Tí àpò bá ti pọ̀ díẹ̀, ìdí ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, imú rẹ̀ á máa wo ojú ọ̀run. Àwọn ọ̀dọ́ dírẹ́bà tó wà ní páàkì á wá pariwo: "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yín fẹ́ yàgbẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí léegun. Mo lọ wá awẹ́ sípíríìn lára típà kan tó ti kú, àwọn irin gígùn pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tò léra wọn lábẹ́ ọkọ̀ kó lè gba ẹrù dúró. Ti típà nípọn ju ti píkọ́ọ̀pù lọ fíìfíì. A fi iná gáàsì yọ́ ọ lára kó lè tẹ̀ bí a ṣe fẹ́, mo da omi mi sí i, a tò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀, a fi bóòtù dè é pinpin. Ìdí ọkọ̀ dìde. Ó ga débi pé àwọn alábàárù yóò ní láti gun àpótí kí wọ́n tó lè ju àpò gàrí sínú rẹ̀.

Ìyàwó mi yí i po. "Ó ga lóòótọ́. Ṣé ó máa rọ̀ wá lára?"

"Bíi bẹ́ẹ̀dì," ni mo wí.

Ọkọ̀ náà lù wá bí a ti ń lọ ra gàrí lófìfo. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòtò kékeré tí a kì í kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀ṣẹ́. Ó gbá wa nídìí, ó gbá wa ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ó gbé orí mi fọ́ mọ́ òrùlé ọkọ̀. Mo gé ahọ́n ara mi jẹ, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, mo gbé e mì kí ìyàwó mi má baà rí i. Òun di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó di ọrùn olè mú. Mo ní tí ẹrù bá ti wọlé, ọkọ̀ á rọ̀.

Ẹrù wọlé lóòótọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, nǹkan dún lẹ́yìn wa bí ìbọn. Ọkùnrin gidi ì bá di sítíárìn mú. Èmi rò pé adigunjalè ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Awẹ́ típà tí mo da omi sí ló ṣẹ́ sí méjì bí àwo, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dì mú sì ya wọ inú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi àyà gbá ebè. Àpò gàrí fò kọjá lórí wa. Gíláàsì fọ́ sí wa lójú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró mìíràn tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Apá ìyàwó mi ni.

Nígbà tí wọ́n ti to eegun apá náà, tí wọ́n sì ti dè é ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti fi jáàkì gbé e, ó ti yọ táyà ẹ̀yìn kan, ó ń tú awẹ́ tó ṣẹ́ náà, mo dúró tì í, nígbà tí ọ̀kadà kan já wọlé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló sọ̀ kalẹ̀. Alápatà ni, ẹ̀jẹ̀ màlúù àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà láṣọ rẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù ú lọ, ṣùgbọ́n àna mi ni, òun ló fa ìyàwó lé mi lọ́wọ́, nítorí náà Bọ̀dá ni mo máa ń pè é.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn, báàgì aṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń mú un lọ sílé bàbá wọn nìyẹn, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì mú lọ báyẹn, kì í tètè padà. N kò mọ bí mo ṣe máa dá gbé inú ilé yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá," ni mo wí.

Ó gbá mi létí. Gbogbo ilé iṣẹ́ yí po lójú mi. Ó tún gbá èkejì, mo sì fẹ̀yìn balẹ̀ láàárín epo dúdú lẹ́bàá ọkọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì sáré wá dì í mú lẹ́yìn, Bọ̀dá fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀gá náà lẹ́nu, ọ̀gá tutọ́ ẹ̀jẹ̀ àti eyín kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti rí ìdajì awẹ́ sípíríìn tó ṣẹ́ yẹn nílẹ̀. Ó gbé e. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ mú bí àdá.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ìkíni, ìbẹ̀rù ni. Mo ti rò ó wò pé kò sí bí yóò ṣe lu àna tó nà gbalaja fún un lójú gbogbo ayé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ìyá wọn nílé kò fi ní gbọ́.

"Ẹ dìde!"

"Rárá, Bọ̀dá."

"Mo ní ẹ dìde nílẹ̀ kí n lù yín!"

"Ibi tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, Bọ̀dá."

Bó ti wù kó bínú tó, kò gbàgbé láti fi ẹ pè mí. Ẹni tó ń lẹ táyà lódìkejì pariwo, "Bàbá, ẹ má dìde o! Ẹ sùn síbẹ̀!" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bọ̀dá kọjú sí ọkọ̀. Ó fọ́ iná ẹ̀yìn, ó lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí tó fi wọnú, ó ń lù ú, ó ń bú mi, ó ń sunkún. "Apá àbúrò mi! Apá àbúrò mi!" Ó gbé irin sókè, ó sì là á mọ́ jáàkì.

Jáàkì yẹ̀. Gbogbo ìdí ọkọ̀ já wálẹ̀ gbàá. Irin ẹsẹ̀ tí wọ́n ti yọ táyà rẹ̀ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó kan fìlà mi mọ́lẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Mo tọ̀ sára. Kò sídìí tí màá fi pa á mọ́, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i.

Irin bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá. "Mo ti pa á," ló ń wí. "Mo ti pa ọkọ àbúrò mi." Mo lè dáhùn. N kò dáhùn. Mo kọ́kọ́ ń yẹ ara mi wò, nígbà tí mo sì rí i pé mo pé, mo ní kó ṣì máa dùn ún lọ díẹ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ló fi ọwọ́ bo ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ní, "Báwo ni ká ti ṣe ọkọ̀ yìí báyìí?"

Mo gbọ́ ohùn ara mi láti ilẹ̀: "Ọ̀gá, tí a bá fi awẹ́ kan ṣoṣo sí i..."

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ń wá irin rẹ̀.

Ìyàwó mi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó wá dúró sórí mi, ó wo fìlà mi lábẹ́ irin, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ yọ gbogbo irin típà yẹn kúrò, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, a ó dín àpò kù. Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé báàgì mi padà sílé ọkọ mi. Bàbá ọmọ mi, ẹ dìde. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo ní báyìí, ẹ̀yin lẹ ó máa fọ gbogbo aṣọ ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ṣòkòtò yẹn."