Ìwé Ẹ̀kọ́ Tí Mo Fi Di Iyọ̀

Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ni, nígbà tí ìlú wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmè, tí ẹnikẹ́ni ní Àjàṣẹ́ kò gbọdọ̀ pe ọ̀gá rẹ̀ ní "músíọ̀" mọ́, àfi "kamaráàdì". Iyọ̀ ni mò ń tà ní Tokpota nígbà náà. Ọkọ mi ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi, Ràfíátù, ìyá Kúburà tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Èmi kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni Kúburà ń kọ, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe.

Kúburà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣí ohun kan sórí tẹlifóònù. Àwọn ilé ìwé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa san nǹkan lóṣooṣù, wọn yóò máa rí ẹ̀kọ́ gbà níbẹ̀, wọn yóò sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ó ní irú rẹ̀ kò sí rí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó ti wà rí. Orí igbá wa ló ń gùn." Ó ní kí n sọ ọ́ fún àwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ yìí, kò sì dùn ún gbọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí, wọ́n lé olùkọ́ mẹ́ta kúrò ní ilé ìwé Ràfíátù nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ìpàdé. Àwọn ọmọ kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní wọ kíláàsì. Ìjọba náà ti ilé ìwé pa. Ṣùgbọ́n ìdánwò bùrẹ̀fẹ́ kò yẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ lè di nọ́ọ̀sì, ó lè di olùkọ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ń dúró dè é. Èmi kò fẹ́ kí Ràfíátù jókòó síbi tí mo jókòó sí.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n lé ni Mẹ́tìrì Mùtáírù. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin wà ní Avrankou. Òun ló mú àbá wá. Ó ní òun yóò máa kọ ẹ̀kọ́ sórí tákàdá, àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn dára, tí Ràfíátù wà nínú wọn, yóò máa dà á kọ, àwa tí a ń ná ọjà yóò sì máa gbé e fún àwọn ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa san díẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó, kó bu gààrí wá.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, tó ń ṣe ọṣẹ ní Djègan-Kpèvi, fárígá. "Owó kẹ̀? Lórí ìwé tí a máa kì bọ abẹ́ ẹja?"

Mẹ́tìrì ní, "Ìyá, ṣé ọ̀fẹ́ lẹ ń ta ọṣẹ ni?"

"Ọṣẹ tèmi ń hó!"

"Tèmi náà á hó, ẹ ṣáà ní sùúrù."

A rẹ́rìn-ín, a sì gbà. Ní ìlóró ilé mi ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó jẹ́ pé a kò mọ̀wé, òwú la fi ń dá ìwé mọ̀: pupa, ti Tokpota, dúdú, ti Djègan-Kpèvi, funfun, ti Avrankou. Lábẹ́ ẹja gbígbẹ, lábẹ́ ọṣẹ, nínú àpò iyọ̀, ìṣirò ń lọ, Faransé ń lọ. Bí nǹkan kò bá yé ọmọ kan, yóò kọ ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀yìn tákàdá, yóò so òwú rẹ̀ padà, ìdáhùn á dé lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Òfin kan ṣoṣo ni Mẹ́tìrì fún wa: tákàdá tó bá ti gbó, ẹ sun ún. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ tí àwọn ṣọ́jà yàn sí àdúgbò wa ti kéde pé olùkọ́ tí wọ́n bá lé kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo rú òfin náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí tákàdá ṣe wọ́n tó. Gbogbo àwa oníyọ̀ là ń ra ìwé ìròyìn àtijọ́ láti fi di ọjà. Kí n wá fi iná sun ohun tó lè di iyọ̀ fún ogún oníbàárà? Lójú ẹni tí kò mọ̀wé, tákàdá ni tákàdá. Mo ń ya èyí tó ti gbó sọ́tọ̀, mo sì ń fi í di iyọ̀.

Ìyàwó ọ̀gá ìgbìmọ̀ ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó da iyọ̀ sínú igò, ọkọ rẹ̀ ka ohun tí mo fi dì í. Ẹ̀kọ́ nípa odò àti òkè ló wà níwájú. Lẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n má dìde títí wọn yóò fi dá àwọn olùkọ́ padà.

Àwọn jandáámù, ọlọ́pàá ìjọba, dé kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó jinná.

"Kamaráàdì, ta ló kọ èyí?"

"Èmi kò mọ̀wé, ọmọ mi."

"Ta ló fún ọ?"

"Ibo ni oníyọ̀ kì í ti í ra tákàdá?"

Èyí tó kéré jù nínú wọn gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ Mẹ́tìrì Mùtáírù ni iwájú yìí. Òun ló kọ́ mi." Wọ́n lọ mú un.

Mo wọlé, mo bá Ràfíátù lórí ẹní. Kí n tó bèèrè, ó ti ń sunkún.

"Èmi ni mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá mi. Mẹ́tìrì kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn."

"Kí o lọ síbo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn."

N kò kúrò. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo ní bó bá fẹ́ jáde, kó gba orí òkú mi kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti Ràfíátù mọ́lé, mo kó àwọn obìnrin jọ, a lọ jókòó síwájú ilé iṣẹ́ àwọn jandáámù pẹ̀lú igbá wa. Títí di òní ni àwọn èèyàn ń yìn mí nítorí ọjọ́ náà. Ohùn mi ló ròkè jù.

Ọ̀gá wọn jáde sí wa. "Ẹ̀yin ìyá, ta ló mọ̀wé nínú yín?"

Kò sí.

"Kí ló wá kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ìwé?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà kò mọ ọṣẹ í ṣe, o sì wẹ̀ kí o tó jáde. Àbí o ò wẹ̀?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Ọwọ́ tó kọ ẹ̀yìn ìwé yìí jọ ti Mùtáírù, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ẹ mú un wá, kí ẹ máa mú mẹ́tìrì yín lọ. Mo ń dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Ìyàwó Mẹ́tìrì wà láàrin wa, ó pọn àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín, bí ẹnì kan bá mọ nǹkan, kó sọ." Ó wo èmi náà. Mo wolẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Wọn kò sọ fún wa pé èyí tí a kò jẹ́ kó bọ́, inú ẹni ló ń jẹrà sí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí a máa lọ sílé, Mùtáírù ti jẹ́wọ́: òun ló kọ iwájú, òun náà ló kọ ẹ̀yìn. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n lápá àríwá.

Ilé ìwé ṣí padà. Wọn kò dá olùkọ́ kankan padà. Àwọn ọmọ tó ka ìwé orí igbá wa ṣe ìdánwò, ọ̀pọ̀ nínú wọn yege. Ràfíátù yege.

Ó ju ọdún méjì lọ kí Mẹ́tìrì tó dé. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Ó wá jókòó ní ìsọ̀ mi, mo bu omi fún un.

"Ràfíátù ńkọ́?"

"Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kútọnu."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣé ó ṣì ń ká ìdí lẹ́tà rẹ̀ bí ìrù ọ̀bọ? Nínú gbogbo ọmọ tó ń da ìwé mi kọ, òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá a wí títí, kò gbọ́."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti na ìwé náà sí i lójú ló ti mọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ kún ẹnu mi. "Ó dàbọ̀" nìkan ló jáde. Ó kú kí ọdún náà tó parí.

Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí la rí nínú ìjà náà, mo lè ka àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó ti ibẹ̀ jáde fún un. Mi ò ní parọ́, ó tóbi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló san gbèsè rẹ̀ fún gbogbo wa, kì í sì í ṣe òun ló jẹ ẹ́. Ràfíátù fẹ́ sọ ọ́ síta láìmọye ìgbà. Èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dìgbà tí mo bá kú. Ẹ̀bẹ̀ ìkà ni.

Kúburà ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé báyìí, ó ń wò mí. Mo ní kó máa kọ.

Ìyàwó Mẹ́tìrì ṣì wà ní Avrankou. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń sọ pé ọkọ òun fi ọ̀rọ̀ ìjọba tú ilé òun ká, pé kò ro ti ọmọ mẹ́rin kó tó kọ ohun tó kọ. Ẹ̀yin ọmọ Mùtáírù, bàbá yín kò kọ ọ́. Ọmọ mi ló kọ ọ́, èmi ni mo fi di iyọ̀. Mo sì wà níwájú ìyá yín lọ́jọ́ tó ń bẹ̀ wá. Mo mọ̀. N kò sọ.