Omi Tí Bàbá Mi Dà Sórí Ẹ́ńjìnì

Oko ẹ̀gẹ́ wa wà ní Kégué, lẹ́yìn Lomé, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti ọ̀nà ẹsẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi nínú Lomé, ará Ọ̀yọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ́ tó bá rọ kì í kán bọ̀rọ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ní, "Kò sí irin tí mi ò gbọ́ èdè ẹ̀." Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan la máa ń lọ sóko.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ń hú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí bàálù kékeré kan ń kọjá lókè. Ti òyìnbó oníṣòwò kan ni, tó máa ń fi í ṣe fàájì lórí òkun. Lójijì ni ariwo rẹ̀ dákẹ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láìfọhùn, ó gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó balẹ̀ sáàárín ebè wa, ó sì ń fi ikùn wọ́lẹ̀ títí ó fi dúró. Òyìnbó já bọ́ síta pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ níwájú orí. Kò kú. Mo dúpẹ́ fún un nígbà náà. Mo ti gba ọpẹ́ mi padà.

Èéfín ń rú nímú bàálù, níbi tí ẹ́ńjìnì wà. Bàbá mi gbé ìkòkò omi mímu wa, ó sáré lọ síbẹ̀. Nílé àgbẹ̀dẹ, irin tó bá gbóná, omi ni wọ́n ń fún un. Òyìnbó nawọ́, ó ń pariwo, "Pas d'eau! Pas d'eau!" Ẹ má da omi sí i, ohun tó ń wí nìyẹn. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, torí mo ti ń lọ sí ọmọ ogún ọdún, mo sì ti kàwé Faransé lọ́dọ̀ àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò jágbe mọ́ bàbá rẹ̀ níṣojú àlejò? Mo sáré bọ́ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, òyìnbó ní..." Kí n tó kọjá "òyìnbó", omi ti dà. Irin ẹ́ńjìnì náà ké pàù, ó là.

Lọ́jọ́ kejì, kọ̀máńdà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso ìlú, ránṣẹ́ pe bàbá mi. Bàbá wọ agbádá. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni. Èmi ni ògbufọ̀. Òyìnbó tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú lójú ọ̀run jókòó, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnì òun dára, ọkùnrin yìí ló bà á jẹ́. Irọ́ gbuu! Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀máńdà ní kí n túmọ̀ ohun tí wọ́n bá sọ, kí n má fi tèmi kún un. Ó bi bàbá mi bóyá òun ló da omi.

"Sọ fún un pé èmi ni," ni bàbá mi wí. "Èmi ni mo pa iná náà."

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́wọ̀n, láìjẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn rí fún àwa dúdú. Wọ́n tún kó owú, ẹ̀mú àti ẹwìrì rẹ̀ lọ, wọn kò dá wọn padà. Wọ́n ní oore pé, ìkà ò pé. Ẹ bi bàbá mi.

Nígbà tó jáde, ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló ti ń finná. Nǹkan náà ń jẹ mí nínú, ni mo bá jẹ́wọ́ fún un pé mo ti gbọ́ ohun tí òyìnbó wí kí omi tó dà, pé kíkúnlẹ̀ ló dá mi dúró. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí lórí.

"O ṣé, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé mi ò kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lọ.