Kọ́mà Tó Wà Lẹ́yìn Olóyè

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń kógbá sílé, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà máa ya wèrè bí ọdún bá ti yí, mò ń ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Òṣogbo. À ń tẹ ìwé, à ń ṣe fọ́tókọ́pì, à ń bá èèyàn tẹ aago. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ti Èkó dé pẹ̀lú páálí kan tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni ohùn àwọn oníbàárà wa yóò máa gbà lọ sí òkè òkun, àti pé èmi ni ẹnjiníà òun. Gbogbo ìmọ̀ tí mo ní nígbà náà kò ju ìwé ẹ̀rí oṣù mẹ́ta láti Ìbàdàn lọ, oṣù kan nínú rẹ̀ sì ni a fi kọ́ bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń pa á. Kò sí ohun tó burú. Mo gba oyè ẹnjiníà.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le, ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà rí á mọ̀ ọ́n. Kí ohùn tó rìn rárá, kọ̀ǹpútà wa á kọ́kọ́ fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tọ̀hún. Ìlà kan nínú ìwé náà á sọ ẹni tó ń pè, òmíràn á sọ ẹni tí wọ́n ń pè, òmíràn á sọ nọ́ńbà ìpè náà kí wọ́n má baà ṣì í mú. Bí ìwé yìí bá gún régé, aago á dún lọ́hùn-ún. Bí kò bá gún, wọ́n á lé e padà bí ọmọ iléèwé tí kò wọ yúnifọ́ọ̀mù.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi sí ìlà ẹni tó ń pè. A fi pe ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù, aago dún, ọ̀gá mi sì fò sókè. Nígbà tó balẹ̀ tán, ó béèrè ohun tí ọ̀rẹ́ òun rí lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Mo ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni.

"Ṣé ṣọ́ọ̀bù ló ń pè é ni, àbí èmi?"

Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè nílùú wọn, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka oyè rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ sí ìlà ẹni tó ń pè: Olóyè, Ẹnjiníà, Alàgbà, kí orúkọ rẹ̀ tó wá tẹ̀ lé e. "Fi kọ́mà sí i," ló ń wí lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, "kí wọ́n lè mí kí wọ́n tó dé èyí tó kàn."

Láti ọjọ́ náà, ìpè kankan kò lọ mọ́. Gbogbo èyí tí a bá rán ló ń padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà irinwó àti gbólóhùn Òyìnbó kan tó ń sọ pé ohun tí a béèrè kò dára. Lọ́jọ́ kìíní, mo dá òjò lẹ́bi. Lọ́jọ́ kejì, mo dá wáyà lẹ́bi. Nígbà tó dọjọ́ kẹta, Lọ́ńdọ̀nù ni mo dá lẹ́bi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé oyè èèyàn pàtàkì lè jẹ́ àléébù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbàlagbà kan wọlé láti Iléṣà. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ti kọ lẹ́tà pé àwọn ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé, pé àwọn á máa retí ìpè lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ náà gan-an. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí màmá yìí ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo pè. Irinwó. Mo tún un pè. Irinwó. Màmá yọ gíláàsì ojú wọn jáde nínú báàgì.

"Kí ló kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Èdè kọ̀ǹpútà ni, mà. Kò lè yé yín."

"Ohun tó kọ ni mo bi ọ́. Mi ò bi ọ́ bóyá á yé mi."

Mo ṣí ìwé tí à ń rán lọ sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìlà bí ẹni tó ń máàkì àròkọ. Ìka dúró.

"Ta ló ń pe ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Kí wá ni Olóyè ń wá níbẹ̀? Èèyàn mélòó tiẹ̀ nìyí? Kọ́mà ni a fi ń ya èèyàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Olóyè kan, ẹnjiníà kan, alàgbà kan. Ṣé gbogbo wọn ló fẹ́ kí i kú ewu ọmọ ni?"

Mo fa ìwé ìlànà tó bá páálí ẹ̀rọ wá jáde lábẹ́ fáànù, níbi tí mo ti ń fi gbé e ga láti ọjọ́ tó ti dé. Ohun tí màmá sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Bí kọ́mà bá máa wà nínú orúkọ, a gbọ́dọ̀ fi àmì ká orúkọ náà mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, bí a ti ń ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tọ̀hún á rò pé àgbájọ èèyàn ló ń bọ̀.

Ọ̀gá mi yọjú láti yàrá inú. "Ẹ kú ìrìn, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Oyè yín ni, sà," mo ní.

"Oyè mi ṣe kí ni?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Oyè yín ò ṣe nǹkan kan, Olóyè. Ẹ kàn jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Èmi ni mò ń pe ọmọ mi."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo kọ orúkọ màmá síbẹ̀. Aago dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá? Mo rí orúkọ yín níbí, mo rò pé ọkọ mi ń bá mi ṣeré ni!"

Ohùn náà ń dún bí ẹni tó wà nínú kòǹga, ó sì ń pẹ́ kó tó dé, ni ìyá àti ọmọ bá ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. "Dákẹ́ ná," ni màmá wí. "Bí mo bá parí, màá ní 'ó tó', ìwọ á wá sọ tìrẹ." Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Wọ́n wá gbé ìkókó sún mọ́ ẹ̀rọ, ìkókó náà fi igbe ta. Màmá tó ti ń tọ́ gbogbo wa sọ́nà láti ìgbà tí wọ́n ti dé fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Wọ́n mi orí, bí ẹni pé wáyà ń gbé mímirí lọ. Èmi ni mo pariwo pé, "Wọ́n wà níbí, mà!"

Iná lọ kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, màmá ní kí n dákẹ́, pé òun ti gbọ́ ohun tí òun wá gbọ́. Mo sìn wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ Iléṣà ti ń kó èrò.

"Ìyá tìrẹ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí lójú ọ̀nà.

"Wọ́n wà ní Ọ̀fàtẹ̀dó, mà."

"Ìgbà wo lo rí wọn gbẹ̀yìn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Wọn ò dúró gbọ́ èsì, wọ́n wọ ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi àmì ká gbogbo oyè ọ̀gá mi mọ́, ìpè sì ń lọ geere. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń ròyìn fún àwọn oníbàárà bí òun fúnra òun ṣe rí àṣìṣe náà. Èmi bá gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi débẹ̀, èmi tí mò ń so Òṣogbo pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n ṣe rí mi, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló kú?" ni wọ́n wí.