Ìdajì Síbí

Tíṣà bàólọ́jì ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí èèyàn ti lè rí òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára Oǹdó ni, gbogbo wa ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Mo máa ń mú odindi àgbàdo kan tó ní hóró funfun àti hóró pupa lọ sí kíláàsì, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wò ó: ibì kan náà ni wọ́n ti hù, àmọ́ ohun tí hóró kan jogún kọ́ ni èkejì rẹ̀ jogún. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Tí mo bá ti délé, mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Lọ́dún tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ta, òtútù àyà tí àwọn dókítà ń pè ní nùmóníà mú ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìgbà òjò kan ṣoṣo. Àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ara rẹ̀ á gbóná janjan. Ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà kò tilẹ̀ sín. Àwọn aládùúgbò ní omi tútù ni mo fi ń wẹ̀ fún un. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pè wọ́n wá fọwọ́ kan ìkòkò omi gbígbóná mi.

Ọsìbítù kan ní Adó là ń gbé e lọ. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á sì fún wa ní oògùn olómi wálé: síbí kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, títí ìgò á fi tán. Wọ́n ní ká padà wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. A ò padà. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, òun ló sì ń mú síbí: ìdajì fún obìnrin, ìdajì fún ọkùnrin. Òun náà ti bí ìbejì rí. Ọ̀kan kú, ó sì gbà pé torí aṣọ tí òun rà fún ẹnì kan ṣoṣo ni. Nígbà tí mo fẹ́ yanu, ó wò mí.

"Ìyá ùbejì, mo rẹ́ ọ̀kan jẹ rí, ó bínú lọ. Mi ò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ mọ́."

Èmi tíṣà, mo gbé ìgò oògùn lé e lọ́wọ́.

Nígbà kẹta tí wọ́n dá wa dúró sí ọsìbítù, dókítà obìnrin kan bi mí bí a ṣe ń lo oògùn náà nílé. Mo sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, ìdajì oògùn lọmọ yìí ti ń mu látọjọ́ yìí. Àìsàn náà ò lọ rí, ó kàn ń sinmi ni."

Ó gba ẹ̀jẹ̀ èmi, baba wọn àti ìbejì náà. Nígbà tí èsì dé, èmi àti baba wọn jẹ́ AS. Ọmọkùnrin wa mú èyí tó dára lára àwa méjèèjì, ó jẹ́ AA. Ọmọbìnrin mú èkejì, ó jẹ́ SS, fòníkú-fọ̀ladìde. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ irú tiẹ̀ kò lágbára tó láti lé nùmóníà, nítorí náà ẹ̀kán oògùn kan kò gbọdọ̀ yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kó sì máa lo oògùn mìíràn lójoojúmọ́ láti fi ṣọ́ àyà rẹ̀. Hóró funfun, hóró pupa. Mo sunkún níbẹ̀, ìtìjú ló sì pọ̀ jù nínú ẹkún náà.

Bí a ṣe délé, mo gbé àgbàdo kíláàsì mi lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́, mo sì ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Ó yí i síwá sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè kan ló bi mí: bí ọkùnrin bá ń wo obìnrin lẹ́nu, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó to síbí méjì sórí tábìlì. Oògùn kún ti obìnrin, oyin kún ti ọkùnrin. Ọmọkùnrin náà lá tirẹ̀ títí síbí fi ń dán.

"Wọ́n dọ́gba," ni ìyá wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìgbà òjò dé, ó lọ, òmíràn tún dé. Ọmọ náà wúkọ́, ara ro ó nígbà míì, àmọ́ nùmóníà kò tún gbé wa dé Adó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n pè é síwájú níbi ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ka ẹsẹ Bíbélì gígùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, èémí rẹ̀ kò já. Ìkejì rẹ̀ gbàgbé tirẹ̀ ní ìlà kejì. Mo dìde, mo jó dé iwájú pẹpẹ, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí. Wọ́n fún un ní páálí bisikíìtì kan.

Nígbà tí a délé, ọmọkùnrin na ọwọ́ fún ìdajì tirẹ̀. Gbogbo wa wo ìyá ọkọ mi, ẹni tó ń pín hóró ẹ̀pà kan sí méjì nínú ilé yẹn. Ó gbé páálí náà lé obìnrin lọ́wọ́.

"Èyí, tirẹ̀ nìkan ni."

Ó wá kọjú sí ọkùnrin, ó ní kó lọ mú síbí wá, kí òun bu oyin fún un.