Àwọn Ohun Tí Ìyá Mi Bèèrè Nípa Ọkọ̀ Eré Ìje

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni. Àwọn ẹbí tó wá bá wa ṣọ̀fọ̀ ti tú ká, ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn sì ti ku èmi àti ìyá mi nìkan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Ìyá mi jókòó sí pálọ̀, ó gbé gèlè rẹ̀ lé itan, kò tíì bọ́ bàtà. Èmi ń bu omi bọ̀ fún un nígbà tí iná dé. Iná náà ti lọ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ṣe dé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, fíríìjì gbọ̀n jìgìjìgì, ariwo kan sì sọ nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin.

Yàrá náà wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, a sì ti sin ín.

Ariwo náà dà bí ìgbà tí agbọ́n bá rọ́ jáde láti inú ilé wọn. Á ti òkèèrè bọ̀, á ga, á fẹ́ ya etí, á kọjá lọ, á tún rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó ń jìnnà. Èyí tó kàn á tún bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀sán Àìkú tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà nílé tí a kì í gbọ́ ọ.

Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: tẹlifíṣàn rẹ̀ ló wà ní títàn nígbà tí iná lọ lálẹ́ Àìkú tó lò kẹ́yìn nílé, kò rántí pa á kó tó jáde nílé, òun náà ló sì jí nígbà tí iná padà. Lọ́jọ́ náà, mi ò lè ṣàlàyé ohunkóhun. Mo gbé ife omi náà kalẹ̀.

Ìyá mi kò wo ojú mi. Ó ní, “Bá mi mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe l'Ékòó. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló máa ń padà. Kò tíì gbéyàwó. Ohun tó fẹ́ràn jù ni ìdíje àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn tí táyà wọn wà níta gbangba, tí ẹnì kan ṣoṣo ń wọ inú wọn, tí wọ́n ń sá yí ojú ọ̀nà kan náà ká títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ìyá mi, tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ rẹ aṣọ láró tà ní Ìtòkú, kò rí ìtumọ̀ rẹ̀. Bó bá ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní ẹni tó ń sáré tó báyẹn tó tún ń padà síbi tó ti gbéra, kí ló sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, á ní kí màámi wá jókòó kí òun ṣàlàyé. Kì í jókòó.

Ọ̀nà Èkó ló kú sí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, òun nìkan nínú ọkọ̀. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n mú ìyá mi lọ sílé ẹlòmíràn. Nígbà tó padà dé, àwọn àgbà kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òun náà kò bèèrè. Ó ń gba àwọn tó ń kí i pé ẹ kú ìrọ́jú, ó ń dáhùn, ó ń bèèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Nípa ikú ọmọ tirẹ̀, kò bi mí ní ohun kan.

Ọ̀sán tí iná dé yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Ó wọlé, ó jókòó sí etí ibùsùn, kò fara kan ìrọ̀rí. Òórùn ìpara ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú yàrá náà. Mo ń wá rimóòtù kí n lè pa nǹkan náà, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kí ló dé tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi síbẹ̀?”

Mo ní mi ò mọ̀, bóyá kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ ni. Ó mi orí. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú mìíràn fi máa pé, ó ti wà nínú yàrá náà kí n tó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Olùkọ́ ni mí, n kì í fẹ́ dúró níwájú ẹni láìní ìdáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa eré náà lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀. Mo rí i pé ohun tí ìyá mi ń bèèrè kì í ṣe tuntun, gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ rí eré náà ló ń bèèrè rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mumi? Mo ní ọ̀pá rọ́bà kan wà nínú àkoto wọn tí wọ́n ń fà á mu. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n ńkọ́? Mo ní wọ́n ń mú un mọ́ra, ẹni tí kò bá lè mú un mọ́ra á tọ̀ sínú aṣọ. Ìyá mi ṣe háà, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kí ló dé tí wọ́n ń pààrọ̀ táyà tí kò tíì gbó? Kí ló dé tí ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kan fi wá síwájú gbogbo wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yà á sílẹ̀? Mo ní ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ níwájú ni, wọ́n fẹ́ kí gbogbo wọn rọra títí wọ́n á fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ta ló ń bá ẹni tó ń wakọ̀ sọ̀rọ̀ létí? Mo ní àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí ni wọ́n ń fi rédíò sọ fún un.

Nígbà tó yá, àwọn ìbéèrè rẹ̀ kúrò nínú irú èyí tí mo ń rí lórí fóònù. Bí ọkọ̀ bá takìtì, ṣé ẹni inú rẹ̀ máa ń mọ̀ pé ó ti takìtì? Ṣé ohùn tó wà létí rẹ̀ á ṣì máa dún? Ṣé ó máa ń pe ẹnikẹ́ni? Ojú tẹlifíṣàn ló máa ń wò bó bá ń bèèrè. Èmi náà á wo ojú tẹlifíṣàn, màá dáhùn bí ẹni pé nípa àwọn òyìnbó inú àkoto wọ̀nyẹn nìkan la ń sọ.

Àsìkò náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo náà ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Mo lè máa ka iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́sàn-án, láìsí iná, kí n gbọ́ ọ bó ṣe ń ti òkèèrè bọ̀, tí á ga, tí á sì jìnnà. Màá dìde, màá lọ fi etí sí ilẹ̀kùn. Nǹkan kan kì í dún níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ro ó lẹ́ẹ̀mejì, mo wá bi ìyá mi bóyá ó ń gbọ́ nǹkan. Ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ó ní òun ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, òun rò pé èmi ni kò gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjàǹbá kan ṣẹlẹ̀ lójú wa nínú tẹlifíṣàn. Wọn kò tíì yí ọ̀nà ká lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọkọ̀ kan kọlu èkejì, ó takìtì, ó fi orí wọ́ lọ, ó sì gbiná. Ìyá mi dìde, ó di aṣọ fèrèsé mú. Èéfín bo gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ kan dé, àwọn ènìyàn bẹ́ jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun ìpaná, lẹ́yìn náà a rí apá kan, a rí orí, a rí ọkùnrin náà tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tí ẹnì kan dì í lọ́wọ́ mú.

“Ó jáde,” ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí n sọ fún òun ohun tó yọ ọ́.

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe kà á. Mo ní irin kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ wà lókè orí wọn tí ọkọ̀ kò fi lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, aṣọ wọn kì í tètè jóná, bẹ́líìtì ló sì so ara wọn mọ́ àga pinpin. Mo ní nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí gbogbo wọn ṣì dì papọ̀, ọkọ̀ dókítà máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

“Dókítà ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lẹ́yìn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màámi.”

Ó jókòó padà. Wọ́n ti dá eré náà dúró, ariwo ti rọlẹ̀.

“Ta ló wà lẹ́yìn ọmọ mi?”

Mo ní obìnrin kan ló fi fóònù rẹ̀ pè mí, mi ò mọ̀ ọ́n.

“Lọ wá a fún mi,” ló wí.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mú lọ́wọ́ ni pé nígbà tí obìnrin yẹn pè mí, mo gbọ́ ohùn èrò lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ awakọ̀ kan tó ń ní kí wọ́n padà wọkọ̀. Mo lọ sí gáréèjì Kútọ̀, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbéra, mo ń bi àwọn awakọ̀ léèrè. Inú wọn kò dùn sí mi; kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjàǹbá nígbà tó fẹ́ rìnrìn àjò. Awakọ̀ àgbàlagbà kan ló fà mí sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun lòun dúró lọ́jọ́ náà. Ó ní obìnrin aránṣọ kan tó ń gbé ní Òwu ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, tó rá wọ inú ọkọ̀ tó rún náà, tó jókòó ti ọkùnrin yẹn, tó sì fi fóònù rẹ̀ pe àwọn ẹbí rẹ̀. Èrò òun ni tipẹ́, ó máa ń lọ ra aṣọ àti òwú l'Ékòó. Ó ní kò wọkọ̀ òun mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo bá a nílé rẹ̀, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Ó ń rán aṣọ iléèwé. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àbúrò fún, ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní òun ti ń retí wa. Ó gbà láti wá. Ṣùgbọ́n bó ti ń sìn mí jáde, ó di apá mi mú, ó ní kí n bá òun bẹ màmá kí wọ́n má bèèrè ohun tí òun sọ fún ọmọ wọn.

Ọjọ́ Sátidé ló wá, lẹ́yìn ìrun àìlá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi. Ìyá mi kò ní kó jókòó sí pálọ̀, ó mú un lọ sínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi.

Ó bi í bóyá ọkọ̀ náà jóná. Obìnrin náà ní kò jóná, òjò ti rọ̀ ní ìdájí, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, ara ọmọ wọn kò gbóná rárá. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ òun. Ìyá mi ń fi ìka tí aró ti kùn títí láé yí etí ìró rẹ̀.

“Ṣé ó sọ̀rọ̀?”

Obìnrin náà wò mí. Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá mi, ó ṣì bèèrè.

“Ó sọ̀rọ̀, mà. Ó ní kí n bá òun pa rédíò. Rédíò kankan kò sì dún, mà. Gbogbo iwájú ọkọ̀ yẹn ti rún. Ó tún un wí. Ó ní ohùn yẹn ti pọ̀ jù létí òun, kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun pa á. Mo wá na ọwọ́ síbi tó yẹ kí rédíò wà, mo ní, ‘Mo ti pa á.’ Ó ní ẹ ṣé. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ó bo ojú rẹ̀.

“Láti ọjọ́ náà, mà, bí mo bá ti fẹ́ sùn, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Mo ti pa á. Mo ti pa á. Bí ọkọ mi bá ní kí n bá òun pa iná, mi ò lè dá a lóhùn.”

Mo rí i tí ìyá mi ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ó fà á mọ́ra, ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká.

“Rédíò lo pa,” ló wí. “Ọmọ mi ní kí o pa rédíò, o sì bá a pa á. Kò sí ohun mìíràn tí o pa.”

Àwọn méjèèjì sunkún. Èmi kò tíì rí omijé ìyá mi láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fara ti ògiri. Ohùn ta ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́? Ìyá mi kò bèèrè ìyẹn. Èmi ni mò ń bèèrè rẹ̀ títí di òní, kò sì sí fóònù tó lè dá mi lóhùn.

Nígbà tí àwọn àgbà gbọ́ pé ìyá mi ti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àbúrò bàbá mi wá, ó bínú. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò bèèrè ibi tí wọ́n sin ọmọ òun sí, òun kò sì ní bèèrè. Ojú ọ̀nà kì í ṣe sàárè. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọ̀nà.

A lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwa mẹ́ta, nínú ọkọ̀ awakọ̀ àgbàlagbà náà. Obìnrin ará Òwu dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ìyá mi sì sún fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí nǹkan kan. Koríko ti hù. Ìyá kan ń sun àgbàdo tà lábẹ́ igi, kò mọ̀ wá, ó kí wa pé ẹ kú ìrìn. Àwọn ọkọ̀ ń ti òkèèrè bọ̀, wọ́n ń kọjá, wọ́n ń jìnnà. Ìyá mi dúró, ó ń fi ojú sin wọ́n lọ. Ó ra àgbàdo, ó pín in fún wa, ó ní ká máa lọ.

Ariwo náà kò kúrò nílé wa. Mo ṣì ń gbọ́ ọ, ìyá mi náà ń gbọ́ ọ, a kì í dìde sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí a tó dé Kútọ̀, obìnrin ará Òwu sùn lọ fọnfọn sí èjìká ìyá mi, àgbàdo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbà á kó má bàa bọ́. Ìyá mi mi orí pé kí n fi í sílẹ̀, ó sì ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́, kó rọra.